Ohùn Tí Aláriwo Yá Tíṣà

Bí ẹ bá dé àdúgbò wa tí ẹ béèrè Aláriwo, ọmọdé ló máa mú yín wá sílé wa. Ẹ ó wá bá ọkùnrin kan tó jókòó jẹ́ẹ́ sẹ́nu ọ̀nà, tí yóò kí yín lẹ́ẹ̀kan, tí kò sì ní sọ̀rọ̀ mọ́ àfi bí ẹ bá bi í léèrè. Ọkọ mi nìyẹn. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń bá a gbé, kí n má sì parọ́ fún yín, bó bá sọ̀rọ̀ tó gùn lọ́jọ́ kan, ẹ̀rù máa ń bà mí, mo máa ń rò pé ara rẹ̀ ò yá. Síbẹ̀ ariwo niṣẹ́ rẹ̀. Sípíkà àti máìkì ló ń yá àwọn èèyàn lò: ìgbéyàwó, ìpàdé òṣìṣẹ́, ìwàásù, ìdíje bọ́ọ̀lù àwọn ọmọ iléèwé, gbogbo ibi tí ẹnu lásán ò bá ti lè ká èrò. Nígbà tó wá tọrọ mi, ìyá mi ní ọkùnrin tí kì í sọ̀rọ̀ yìí, ariwo ẹlòmíràn ló máa fi bọ́ mi. Mo bínú sí i nígbà náà. Àgbà ti rí i kí n tó rí i.

Yàrá iwájú ilé wa ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Sípíkà ńláńlá wà lórí ara wọn títí kan àjà, ó fi aṣọ bo ojú wọn nítorí eruku. Àwọn wáyà wà lára ògiri, ó ká wọn róbótó, ó fi okùn so ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ má fọwọ́ kàn wọ́n o, torí ibẹ̀ nìkan ni ẹ ti lè rí ìbínú ọkùnrin yẹn. Òórùn òjé tó fi ń jó wáyà pọ̀ kì í kúrò nínú yàrá náà, kò sì kúrò lára aṣọ rẹ̀ rí, bó ti wù kí n fọ̀ ọ́ tó.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ ni mo fẹ́ kí ẹ mọ̀, torí òun ló kó wa sí wàhálà. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, wọ́n á gbé sípíkà kalẹ̀, wọ́n á tan iná sí i, wọ́n á wá ibi tí oúnjẹ wà lọ. Tèmi ò jẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀. Yóò jókòó ti ẹ̀rọ, yóò di ojú, yóò gbé ìka lé bọ́tìnnì tí wọ́n ń yí, yóò sì máa tẹ̀ lé ohùn ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Bí ohùn bá ga jù, ọwọ́ rẹ̀ á rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ kó má baà gún wa létí. Bí ohùn bá lọ sílẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ á gbé e dìde. Ó ní ẹni tó jókòó sẹ́yìn pátápátá lòun ń ṣiṣẹ́ fún, pé bí ìyá àgbà tí etí rẹ̀ ò gbọ́ràn dáadáa mọ́ ò bá gbọ́, òun ò tíì ṣe nǹkan kan. Ó ti mọ́ ọn lára débi pé bí a bá ń gbọ́ rédíò nílé, tí oníròyìn rẹ ohùn sílẹ̀, ọwọ́ ọkọ mi á ti dé ìdí rédíò kí òun fúnra rẹ̀ tó mọ̀. Mo máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé bí mo bá bá a sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, kó má ṣe wá bọ́tìnnì lára mi o.

Ọmọ kan ṣoṣo la bí, obìnrin ni. Inú ṣọ́ọ̀bù yẹn ló dàgbà sí, abẹ́ tábìlì bàbá rẹ̀ ló ti ń sùn lọ́sàn-án. Nígbà tó tó lọ́kọ, ó mú ọkùnrin kan tó ń tún aago ṣe wá fún wa, ará òkè odò. Àwọn ará òkè odò ti ń wá sí ìlú wa tipẹ́, iṣẹ́ ni wọ́n bá wá. Bí wọ́n bá ń sọ èdè wa, ohùn wọn máa ń yí díẹ̀, ẹ ó mọ̀ wọ́n kíá. Èmi fajú ro, ìyá ṣáà ni mí. Ọkọ mi wo ọmọkùnrin náà títí, ó ní, "Ìwọ náà kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀," ó sì jọ pé ohun tó fẹ́ gbọ́ nìyẹn. Wọ́n ṣègbéyàwó, wọ́n bí ọmọbìnrin kan, wọ́n gba ṣọ́ọ̀bù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé búrẹ́dì, wọ́n sì ń gbé yàrá tó wà lẹ́yìn rẹ̀.

Ìgbà tí nǹkan ò wá fara rọ mọ́, tí iṣẹ́ wọ́n, ni ẹgbẹ́ kan jáde tí wọ́n ń pè ní Tiwa-Ni. Tíṣà ni olórí wọn. Olùkọ́ ni lóòótọ́ tẹ́lẹ̀, ó sì mọ̀rọ̀ ọ́ sọ. Kì í pariwo, kì í búni. Ìbéèrè ló máa ń béèrè. Ta ló ń gba iṣẹ́ tó yẹ kí ọmọ yín máa ṣe? Ta ló kún ilé ìwòsàn tí ẹ fi ń tò láti àárọ̀? Àwọn èèyàn á fúnra wọn dáhùn, ìdáhùn wọn kì í sì í ṣe ohun tí ará òkè odò lè gbọ́ kó sùn. Ni ìjọba ìlú bá ní àwọn fẹ́ ṣe òfin. Ẹni tó bá sọ̀rọ̀ ìkórìíra nípa ẹ̀yà kan ní gbangba, ẹ̀wọ̀n ni. Ẹni tó bá yá a ní sípíkà, wọn á gba ìwé àṣẹ iṣẹ́ rẹ̀. Wọ́n ní kí aráàlú wá sọ tẹnu wọn kí àwọn tó fọwọ́ sí i.

Kí ẹnikẹ́ni tó lọ sọ tẹnu rẹ̀ fún ìjọba, wọ́n ti jà á tán nílé wa. Ọmọ mi ní kí òfin náà jáde lónìí kó má di ọ̀la. Bàbá rẹ̀ ní rárá. Ẹ wò ó, ọkọ mi nídìí tirẹ̀. Nígbà tí ọmọ yìí ṣì kéré, omi ẹ̀rọ gbẹ ládùúgbò wa, àwa obìnrin sì kó korobá wa lọ síwájú ilé ìjọba. Ọkọ mi yá wa ní sípíkà lọ́fẹ̀ẹ́. Òfin kan wà nígbà náà pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀ tó lè da ìlú rú. Ọ̀rọ̀ omi là ń sọ o. Ọlọ́pàá kó gbogbo irinṣẹ́ rẹ̀, wọ́n ti òun náà mọ́lé, ìgbà tí wọ́n sì fi máa dá àwọn sípíkà padà, òjò ti pa wọ́n bà jẹ́. Láti ọjọ́ yẹn, bí ẹ bá ní kí ìjọba pa ẹnikẹ́ni lẹ́nu mọ́, yóò ní rárá. Ó ní bí a bá gbé kọ́kọ́rọ́ fún wọn pé kí wọ́n fi ti ẹnu Tíṣà, ṣé wọ́n máa dá a padà fún wa ni? Ó ní ọ̀rọ̀ kì í tóbi tóbi ká fi ọ̀bẹ bù ú, ẹnu la fi ń sọ ọ́. Bí Tíṣà bá ń parọ́, kí ẹlòmíràn dìde kó sọ òótọ́, òun á yá onítọ̀hún ní sípíkà pẹ̀lú. Ó ní bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa bá a.

Ọmọ mi wò ó. Ó ní, "Mo gbọ́, Bàbá. Kí òtítọ́ yẹn tó bá a, níbo lèmi àtọmọ mi máa wà?"

Èmi tí mo wà láàárín wọn, bí èyí bá sọ̀rọ̀ màá ní òótọ́ ni, bí tọ̀hún bá fèsì màá ní òótọ́ ni, títí ara mi fi sú mi, tí mo ní kí wọ́n jẹ́ ká jẹun.

Ìgbà tí Tíṣà fẹ́ ṣe ìpàdé ńlá ní pápá, ọ̀dọ̀ wa ló wá, torí kò sẹ́ni tó mọ iṣẹ́ náà tó ọkọ mi. Ọkọ mi gbà fún un, àmọ́ ó là á mọ́lẹ̀ fún un pé kò gbọdọ̀ dárúkọ ẹnikẹ́ni, kò gbọdọ̀ júwe ilé ẹnikẹ́ni. Èrò ọkàn rẹ̀, kó sọ ọ́. Ojúlé ẹlòmíràn, kó fi sílẹ̀. Tíṣà rẹ́rìn-ín, ó ní ọmọlúàbí lòun. Nígbà tí ọmọ mi gbọ́, ó wá. Kò tilẹ̀ jókòó.

"Bàbá, bí ohun tí ọkùnrin yẹn bá sọ láti inú sípíkà yín bá dé ẹnu ọ̀nà mi, ẹ má wá síbẹ̀ mọ́. N ò ní bá yín sọ̀rọ̀ mọ́."

Bàbá rẹ̀ ní kò ní ṣẹlẹ̀, pé ọwọ́ òun máa wà lórí bọ́tìnnì, bí Tíṣà bá ti kọjá àyè rẹ̀ báyìí, òun á pa ẹ̀rọ. Ó gbà gbọ́ tọkàntọkàn. Èmi náà gbà á gbọ́.

Ọjọ́ ìpàdé pé, èrò kún pápá. Ẹ̀yìn ni mo jókòó sí pẹ̀lú àwọn obìnrin kan, torí mo fẹ́ fetí ara mi gbọ́. Tíṣà sọ̀rọ̀ títí, ó ń pa àwọn èèyàn lẹ́rìn-ín, ó ń béèrè ìbéèrè rẹ̀. Kò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Mo ń wo ọkọ mi lọ́ọ̀ọ́kán, ó di ojú, orí rẹ̀ tẹ̀ síwájú díẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe. Ọkàn mi ti ń balẹ̀. Ni Tíṣà bá rẹ ohùn sílẹ̀. Ó rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ bí ìgbà tí èèyàn ń bá ọ̀rẹ́ ẹ̀ sọ̀rọ̀ àṣírí, àwọn tó wà níwájú na ọrùn sí i. Ó ní òun ò ní kí ẹnikẹ́ni ṣe nǹkan kan o. Òun kàn ń béèrè ni.

"Ẹni tó ń tún aago ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé búrẹ́dì yẹn, abẹ́ òrùlé ta ló jókòó sí?"

Bó ṣe rọra sọ ọ́ yẹn, kò yẹ kó kọjá ẹsẹ̀ àga iwájú. Ṣùgbọ́n ohùn ti lọ sílẹ̀, ọwọ́ ọkọ mi sì ti gbé e dìde. Mo gbọ́ ọ lẹ́yìn pátápátá bí ẹni pé etí mi ni ọkùnrin náà ti sọ ọ́. Ẹni tó wà lójú títì gbọ́ ọ. Ọkọ mi lajú, mo rí i bí ojú rẹ̀ ṣe là, ó já wáyà ẹ̀rọ náà kúrò pátápátá. Kí ló kù láti pa? Ẹyin lọ̀rọ̀, ó ti balẹ̀.

Àwọn ọ̀dọ́ kan ti dìde. Wọn ò sáré, ìrìn ni wọ́n ń rìn, ìyẹn gan-an ló já mi láyà. Mo sáré gba ẹ̀yìn ọjà, ara mi ò sì fúyẹ́ mọ́, n kò bá wọn débẹ̀. Nígbà tí mo máa dé, dígí ti fọ́ káàkiri, aago ọwọ́ wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀ títì, wọ́n ń tẹ̀ wọ́n mọ́lẹ̀ bí ìgbà téèyàn ń tẹ ẹ̀pà. Mo bú gbogbo wọn, mo bú ìyá tó bí wọn. Lẹ́yìn náà ni ẹni tó ń ṣe búrẹ́dì fà mí wọlé láti ẹ̀yìn, mo sì rí àwọn ọmọ mi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta láàárín àpò ìyẹ̀fun, gbogbo ara wọn funfun. Kò sẹ́ni tó farapa nínú wọn. Ibẹ̀ ni mo jókòó sí tí mo sunkún.

Nígbà tí ìlú rọlẹ̀, èmi àti ọkọ mi lọ bẹ̀ wọ́n. Àgbà kì í fẹ́ bẹ ọmọdé, síbẹ̀ ó lọ. Yàrá wọn ṣókùnkùn díẹ̀ torí pákó tí wọ́n kàn dípò dígí. Àna wa gbé àga fún wa. Ọmọ mi dúró ní ìdí ògiri pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn rẹ̀. Ọkọ mi ní òun wá tọrọ àforíjì, pé ọwọ́ òun ló ṣe é, kì í ṣe ọkàn òun.

Ọmọ mi ní, "Ọwọ́ yín ni mo mọ̀, Bàbá. Láti ọ̀sán yẹn ló ti ń sọ̀rọ̀ ní pápá, mo jókòó síbí, n ò gbọ́ nǹkan kan tó yé mi. Ìgbà tó dórí ọkọ mi ni mo gbọ́ ọ kedere. Mo mọ ẹni tó wà nídìí ẹ̀rọ. Kò sẹ́lòmíràn tó lè ṣe é dáadáa bẹ́ẹ̀ nílùú yìí."

Ó wọlé lọ. Ọ̀rọ̀ tó bá bàbá rẹ̀ sọ kẹ́yìn nìyẹn fún ìgbà pípẹ́.

Ọkọ mi ò lè gbé orí. Ó sọ fún àna wa pé òun máa lọ sọ́dọ̀ ìjọba, òun á ní kí wọ́n fọwọ́ sí òfin náà, kí wọ́n ti gbogbo wọn mọ́lé. Ọmọkùnrin náà mi orí. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, ẹ má torí mi ṣe é. Lọ́jọ́ tí ọlọ́pàá bá ń wá ẹni tó sọ̀rọ̀ tó lè da ìlú rú, pẹ̀lú ohùn mi yìí, ta lẹ rò pé wọ́n máa kọ́kọ́ mú?" Ó tún ní ohun mìíràn wà tóun ń rò. Ó ní bí òun ṣe gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn lòun fi kó ìyàwó àtọmọ gba ẹ̀yìn lọ sílé búrẹ́dì. Bí wọ́n bá ti pa Tíṣà lẹ́nu mọ́ ni, inú yàrá ni wọn ì bá ti máa sọ ọ́, òun ò ní mọ ọjọ́ tí wọ́n ń bọ̀. "Ṣùgbọ́n ìyàwó mi ní bí wọn ò bá gbọ́ ọ ní pápá, wọn ò ní wá rárá. N ò mọ èyí tó jẹ́ òótọ́ nínú méjèèjì."

Bí a ṣe padà sílé nìyẹn. Ọkọ mi jókòó sínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, kò tún nǹkan ṣe, kò tan rédíò. Ó wá ní òun ò mọ ohun tóun máa ṣe mọ́: òfin ò dára, àìsófin náà ò dára. Ó ká mi lára gan-an, mo sì sọ ọ́ bó ṣe rí lára mi. Mo ní, "Ẹ̀yin Bàbá yìí, ta ló de ẹnu yín? Ẹnu ẹni la fi ń kọ mé jẹ. Ṣé dandan ni kí ìjọba bá yín kọ ohun tí ẹ̀yin fúnra yín lè kọ̀?" Ó ní ẹ̀tọ́ ni ẹ̀tọ́ ń jẹ́, ẹni tó bá yá ẹnì kan kó yá ẹnì kejì. Mo ní ó dáa, kó máa bá ẹ̀tọ́ jẹun. N ò gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Mo bínú.

Tíṣà padà wá. Ó wọṣọ funfun, ó kí wa dáadáa, ó ní ohun tó ṣẹlẹ̀ dun òun, pé òun ò ṣáà rán ẹnikẹ́ni níṣẹ́. Ó ní ìpàdé mìíràn ń bọ̀, òun sì fẹ́ kóun àti ọkọ mi jọ lọ tako òfin náà, torí ohun kan náà làwọn méjèèjì ń sọ. Nígbà tó sọ bẹ́ẹ̀, ọkọ mi wò ó bí ẹni tí wọ́n gbé aṣọ ẹlòmíràn wọ̀.

Ó ní, "Màá lọ tako òfin náà, màá dá lọ. Ṣùgbọ́n sípíkà mi ò ní bá yín lọ síbì kankan mọ́."

Tíṣà ní, "Ẹ̀yin náà fẹ́ pa wá lẹ́nu mọ́? Torí àna yín?"

"Ẹnu yín wà lára yín, ẹ máa fi sọ̀rọ̀. Sípíkà ni tèmi. Àna mi kọ́, ọmọ mi ni."

Tíṣà ò rẹ́rìn-ín mọ́. Bó ṣe jáde, mo lọ gbé oúnjẹ wá.

Lóòótọ́, ọkọ mi lọ síwájú ìgbìmọ̀ ìjọba tó ń gbọ́ tẹnu aráàlú, ó sọ̀rọ̀ níwọ̀nba, àwọn tó fẹ́ òfin pè é ní ọ̀rẹ́ Tíṣà. Àwọn Tiwa-Ni náà ní ọ̀dàlẹ̀ ni, ọ̀pọ̀ nínú wọn ò sì gbéṣẹ́ wá sọ́dọ̀ wa mọ́. Ìjọba sún ọ̀rọ̀ náà síwájú, wọ́n tún sún un síwájú. Títí mo fi ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí, n ò mọ ibi tí wọ́n bá a dé.

Tíṣà rí ẹlòmíràn tó yá a ní sípíkà. Ọ̀sán ọjọ́ ìpàdé náà, ọkọ mi dìde, ó wọ bàtà. Mo bi í pé níbo, ó ní ṣọ́ọ̀bù ọmọ òun. Mo rán an létí ohun tí ọmọ náà sọ. Ó ní òun ò gbàgbé. Mo tẹ̀ lé e, kí ni n bá ṣe nílé?

Àna wa wà nídìí tábìlì, ó ń tún aago kan ṣe. Ọmọ mi rí wa, ó yíjú sápá kan, kò kí bàbá rẹ̀, kò sì lé e. Ọkọ mi fa àga kan, ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà gan-an, ó kọjú sí títì. Àwọn ṣọ́ọ̀bù tó kù ti ń tì. Láìpẹ́ a bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ Tíṣà láti pápá. Sípíkà náà ń han, ó ń ké wíì wíì, ṣùgbọ́n èèyàn lè mú ọ̀rọ̀ díẹ̀ níbẹ̀. Òkè odò. Iṣẹ́. Òrùlé. Mo ń wo ìka ọkọ mi lórí eékún rẹ̀, kò mì.

Àna wa gbé irinṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní, "Bàbá, ṣé ẹ ṣì ní kí wọ́n fi í sílẹ̀ kó máa sọ ọ́?"

Ọkọ mi tẹ́tí sí pápá. Ó gbọ́ díẹ̀ sí i.

Ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ibí ni màá ti máa gbọ́ ọ."

Èrò pariwo ní pápá, ariwo náà sì jọ pé ó ń sún mọ́ wa, tàbí afẹ́fẹ́ ló gbé e wá, n kò mọ̀. Ọmọ mi jáde láti ẹ̀yìn, ó dúró lórí bàbá rẹ̀, ó wo títì lọ wo títì bọ̀.

Ó ní, "Bàbá, ẹ sún wọlé díẹ̀. Òkúta lè bà yín níbi tí ẹ jókòó sí yẹn."

Ọkọ mi sún àga rẹ̀ wọlé.